Ọmọ Ọ̀kà Tí Ó Ń Sáré Lẹ́yìn Mi

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi, nítorí ọ̀rọ̀ yìí ti kún mi nínú ju ohun tí mo lè máa dá gbé lọ. Láìpẹ́ a ó lọ sí Àkúrẹ́, níbi tí wọn yóò ti yan àwọn tí yóò máa sáré fún Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Èmi àti Ràmọ́tà àbúrò mi ni wọ́n mú láti ìhà Àkókó níbí. Bàbá mi ń ṣe àdúà fún mi lẹ́yìn ìrun, ìyá mi ti ra bàtà tuntun, gbogbo àdúgbò wa ní Ìkàrẹ́ ló ń kí mi kú oríire. Wọn ò mọ̀ pé mi ò lè sáré dáadáa mọ́. Kò sí ohun tó ń dun ẹsẹ̀ mi o. Ọkàn mi ni. Eré tí mo fẹ́ràn ju oúnjẹ lọ, bí mo bá ti gbúròó fèrè kóòṣì báyìí, àyà mi á já. Ta ni mo fẹ́ sọ fún nílé tí kò ní rò pé ìlara ló ń ṣe mí?

Ràmọ́tà kì í ṣe ọmọ ìyá mi. Ọmọ àbúrò ìyá mi ni, ní Ọ̀kà, ọ̀dọ̀ ìyá wa àgbà ló sì dàgbà sí kí wọ́n tó mú un wá sọ́dọ̀ wa láti wá lọ sí ilé-ìwé girama. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ọ̀kà, ẹ mọ̀ pé orí òkè ni. Ọ̀nà oko ìyá wa àgbà gba ẹ̀gbẹ́ àpáta kan tí kò gba ènìyàn méjì. Bí àgbà bá ru iṣu níwájú rẹ níbẹ̀, o ò gbọdọ̀ fara gbún un kọjá, nítorí bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá yẹ̀ pẹ́rẹ́, òun àti ẹrù rẹ̀ ló ń lọ sísàlẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wàá máa tọ̀ títí yóò fi ráyè yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí yóò ní, "Máa lọ." Wàá tẹ orúnkún díẹ̀, wàá kí i, kí o tó kọjá. Bí mo bá lọ lo ìsinmi lọ́dọ̀ wọn, ara mi kì í gbà á, èmi ọmọ Ìkàrẹ́ tí títì ti bà jẹ́. Ṣùgbọ́n Ràmọ́tà, bó ti kéré tó, á tọ ìyá arúgbó náà lẹ́yìn títí dé òkè láì pòṣé. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìgbín ni.

Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó ní òun fẹ́ máa bá mi lọ sí pápá. Èmi ti di ìlú-mọ̀ọ́ká níbẹ̀ nígbà náà. Kò sí ọmọbìnrin tó ń ṣíwájú mi. Kóòṣì wa, ọkùnrin kúkúrú kan tí kì í rẹ́rìn-ín, máa ń sọ pé ọkàn ló ń kọ́kọ́ sáré, pé ẹsẹ̀ kàn ń tẹ̀ lé e ni, èmi ló sì máa ń nawọ́ sí. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, màá lọ jókòó lábẹ́ igi, màá di ojú mi, màá rí ara mi níwájú títí dé òpin, láìsí ẹ̀yìn ẹnikẹ́ni níwájú mi. Bẹ́ẹ̀ náà ló sì ń rí. Kò pẹ́ tí Ràmọ́tà fi di ẹnì kejì mi. Màá máa gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, inú mi á sì máa dùn pé kò lè bá mi. Mo gbà pé ọkàn mi le ju tirẹ̀ lọ ni. Háà, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà mà ju èje lọ!

Ẹnu ìdánrawò lásán la wà lọ́jọ́ tí ojú mi là. Inú ti ń run mí láti àárọ̀, agídí ni mo fi jáde. Nígbà tó ku kí á yí pápá ká lẹ́ẹ̀kan, agbára mi tán. Mo ń retí kí Ràmọ́tà kọjá. Kò kọjá. Mo dẹ ẹsẹ̀, ó dẹ ẹsẹ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ máa rìn, òun náà fẹ́rẹ̀ẹ́ máa rìn. Àwọn yòókù kọjá lára àwa méjèèjì, kóòṣì ń pariwo pé kí ó kúrò lẹ́yìn mi, ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Nígbà tí a parí, mo wó sórí koríko, mo bi í pé kí ló ṣe é. Kò mí hẹlẹ. Ìyẹn ló kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí. Ó kúnlẹ̀, ó ń bá mi tú okùn bàtà.

"Àǹtí mi," ó ní, "ẹ ò tíì ní kí n máa lọ."

Kò fi ṣe àwàdà, kò sì fi bú mi. Bó ṣe rí lójú rẹ̀ nìyẹn. Mo rántí gbogbo ife ẹ̀yẹ eré ìje tó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù ìyá mi. Èwo ni mo gbà nínú wọn, èwo ni ó fi sílẹ̀ fún mi nítorí pé mo jẹ́ àgbà?

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ yàn wá ní Ìkàrẹ́, àwọn ọmọ wá láti Ìpè, wọ́n wá láti Ìfira, pápá kún. Mo ti pinnu. Ní kọ́nà ìkẹyìn, mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn mi bí ti àtẹ̀yìnwá. Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ní, "Máa lọ." Ẹ̀yin èèyàn mi, nínú eré náà, ọmọ yìí tẹ orúnkún díẹ̀! Ó kí mi, ó sì lọ. Mi ò mọ bí màá ṣe ròyìn rẹ̀ fún yín. Ẹsẹ̀ àná náà ni, ara àná náà ni, ọ̀rọ̀ lásán ló yàtọ̀. Ó fò bí ẹni pé ilẹ̀ ń tì í lọ. Àwọn tó jókòó dìde, kóòṣì ṣí fìlà. Omi bọ́ lójú mi, kì í ṣe ti ìbànújẹ́, ẹnu ló yà mí pé irú nǹkan báyìí wà nínú ènìyàn, tí a jọ ń sùn lórí ẹní kan náà, tí mi ò mọ̀. Mo gbàgbé pé èmi náà ń sáré. Torí pé àwọn yòókù ti jìnnà sẹ́yìn ni mo fi ṣe ipò kejì.

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá di ojú mi lábẹ́ igi, mi ò rí ara mi mọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ń rí. Ní ìrọ̀lẹ́ àná, mo sọ fún un pé mo ti yọ̀ǹda fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ eré Àkúrẹ́, kó má dúró dè mí.

"Mo gbọ́, Àǹtí mi," ó ní. "Ẹ̀yin náà, ẹ má dúró wò mí."

Ó ti rí i! Ọmọ náà kọ́ bí wọ́n ṣe ń wà lẹ́yìn kí ó tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń sáré, kò sì sí ẹni tó kọ́ èmi. Iwájú nìkan ni kóòṣì kọ́ mi. Ẹ̀yin tí ẹ ti wà lẹ́yìn rí, tí ẹ ò sì jẹ́ kí ọkàn yín kú, mo bẹ̀ yín, kí lẹ máa ń sọ fún ara yín nígbà tí ẹni tí ẹ ń lé bá dára tó bẹ́ẹ̀?