Ẹni Tó Yọ Egungun Ẹja Fún Mi

Ẹ̀yin ènìyàn mi, oúnjẹ kì í lọ lọ́fun mi mọ́. Tí mo bá gbọ́ ìró ọkọ̀ lẹ́nu géètì wa ní Ìkòròdú, àyà mi á já. Ẹ lè rò pé àwọn ajínigbé tó gbé mi léṣìí ni mò ń bẹ̀rù pé wọ́n tún ń bọ̀. Ì bá sàn bẹ́ẹ̀! Fíìmù tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ mi ṣe ló kó mi sí ìyọnu.

Ọmọ Ìlàjẹ ni ọkọ mi, ẹ̀bá ọ̀sà lọ́nà Ẹ̀pẹ́ ni àwọn òbí rẹ̀ ti ń pẹja. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di ìyàwó wọn, egungun ẹja há mi lọ́fun lójú gbogbo ẹbí, díẹ̀ ló kù kí n kú. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìyàwó àwọn ò mọ ẹja jẹ, wọ́n á sì bá mi yọ egungun rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e fún mi. Àbúrò ọkọ mi ló máa ń yọ ọ́ jù. Ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ, Ọkọ-mi-kékeré ni mò ń pè é.

Ọ̀dọ̀ ìyá wọn ni mo ti ń bọ̀ tí àwọn ajínigbé fi dá mi lọ́nà lọ́sàn-án gangan. Wọ́n di mí lójú, wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi gbé mi lọ sí ahéré kan. Ọ̀kan nínú wọn kì í sọ̀rọ̀ rárá, òun ló ń fún mi lóúnjẹ. Púpurú àti ẹja ni, mo sì fọwọ́ wá egungun títí, n kò rí ọ̀kan. Mo ní, "Ẹ ṣé." Ìtìjú pé mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ajínigbé kò jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, títí kan ọkọ mi. Mo gbà pé Ọlọ́run ló fi àánú sí i lọ́kàn. Ta ni ì bá fura? Ọkọ-mi-kékeré ló gbé owó ìràpadà lọ, òun ló mú mi padà wálé, gbogbo ẹbí sì ń gbé e gẹ̀gẹ̀.

Nígbà tí àwọn onífíìmù dé, mo sọ tèmi, òun náà sọ tirẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n pè wá wá wò ó kí wọ́n tó gbé e jáde. Ọkọ mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, àbúrò rẹ̀ wà lẹ́yìn wa. Ni mo bá rí obìnrin tó ń ṣe èmi, wọ́n dì í lójú, ọkùnrin kan jókòó tì í, ó ń fara balẹ̀ yọ egungun ẹja. Obìnrin náà ní, "Ẹ ṣé." Bí a ṣe jáde, mo fa dárẹ́kítọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo bi í pé ibo ló ti gbọ́ ìyẹn.

"Àbúrò ọkọ yín ló sọ fún wa, mà. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ sọ fún àwọn."

Èmi kẹ̀! Òótọ́ ni pé bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Ṣé ọkọ mi á gba èmi gbọ́ ju ọmọ ìyá rẹ̀ lọ? Tí mo bá lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá, ṣé ìyá wọn ò ní kú mọ́ mi lọ́wọ́? Tí mo bá sì dákẹ́, Sátidé yìí ni Ọkọ-mi-kékeré ń bọ̀ wá fi ọkọ̀ ojú omi kó àwọn ọmọ mi lọ lo họlidé lọ́dọ̀ ìyá àgbà.

Láàárọ̀ yìí ló pè mí. Ó ní kí n má dáná, òun ń gbé ẹja bọ̀.

"Ìyàwó wa, fọkàn balẹ̀, mo ti bá ẹ yọ egungun rẹ̀."

Ẹ̀yin àgbà, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ó ti ń bọ̀ lọ́nà.