Ohun Tí Mo Lọ̀ Mọ́ Ògì Mílẹ́nà

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, ó ti rẹ̀ mí. Ẹrù kan wà láyà mi láti bí ọdún mẹ́fà, mo fẹ́ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ níwájú yín. N kò sọ ọ́ fún ọkọ mi títí ó fi kú, n kò sì sọ ọ́ fún àwọn ọmọ mi. Ohun tó jẹ́ kí n máa sọ ọ́ báyìí ni pé ẹni tí mo ṣẹ̀ ń bọ̀ wá kí mi ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, òun àti ìyá rẹ̀. Wọ́n ní àwọn fẹ́ wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á parí kí ẹ tó bú mi.

Ẹ jẹ́ kí n pè é ní Mílẹ́nà, kì í ṣe orúkọ rẹ̀ gan-an. Ọmọ Sérbíà ni, tẹníìsì sì ni iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ má rò pé irú àwọn tí ẹ ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n ni o, tí wọ́n ń wọ bàálù ara wọn. Ó wà lára àwọn kéékèèké wọn, tí wọ́n ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn, tí wọ́n ń fọ aṣọ ara wọn nínú báàfù, tí wọ́n sì ń wá ibi tí wọ́n máa sùn. Èmi àti àbúrò ìyá rẹ̀ la jọ ń ṣiṣẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Òun ló bẹ̀ mí pé kí n gba ọmọ náà sílé lásìkò tí wọ́n ń díje lórí koríko nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Yàrá ọmọ mi ọkùnrin ṣófo, mo sì gbà. Ilé kánsù, ilé ìjọba tí mo ń háyà, ni ilé mi; ó yẹ kí n gba àṣẹ wọn kí n tó gba ẹnikẹ́ni sílé, ṣùgbọ́n n kò sọ fún wọn.

Ọmọ dáadáa ni. Ó máa ń fọ abọ́ kí n tó dé láti ibi iṣẹ́, “Mama” ló sì ń pè mí. Ṣùgbọ́n ó tín-ín-rín, ẹ̀yin èèyàn mi! Egungun èjìká rẹ̀ ń yọ lábẹ́ aṣọ. Tí mo bá bu oúnjẹ fún un, á tọ́ ọ wò bí ẹni ń tọ́ iyọ̀ wò, á ní ó ti tó. Nílé tiwa, bí àlejò bá gbẹ kó tó kúrò lọ́dọ̀ èèyàn, onílé ni wọ́n máa bú. Mo máa ń rò ó pé tí ìyá rẹ̀ bá rí i, á ní obìnrin dúdú kan ló febi pa ọmọ òun ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ni mo bá lọ sí Rye Lane, sí ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta ẹja gbígbẹ àti ìpara. Mo sọ fún ọmọbìnrin tó ń tajà pé ọmọ kan wà nílé mi tí kì í jẹun. Ó yọ páálí oògùn kékeré kan lábẹ́ káńtà.

“Aunty, ẹ kàn lọ̀ ọ́ mọ́ custard tàbí ògì fún un, morning and night. Before two weeks, ẹ máa rí cheeks!”

Oògùn ọ̀hún kò ṣàjèjì sí mi. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló lò ó nílé nígbà tí a wà lọ́mọge, nígbà tí a fẹ́ kí ara wa kún aṣọ. Kò pa ẹnikẹ́ni tí mo mọ̀.

Mo ń lọ̀ ọ́ sínú ògì rẹ̀, mo ń fi mílíìkì àti ṣúgà bò ó. N kò sọ fún un. Ta ló ń sọ fún ọmọ pé oògùn wà nínú ẹ̀kọ mímu? Ó ń mu ún, ó ń lá ṣíbí. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kún, kò sì ráhùn mọ́ nípa orúnkún kan tó ti ń dùn ún láti ọjọ́ tó dé. Ó wá ń borí. Ó na àwọn tí kò tíì nà rí. Wọ́n ní tó bá tún lè borí díẹ̀ sí i, á wọ ìdíje ńlá tó ti ń lálàá rẹ̀ láti kékeré. Èmi náà ń yan kiri nínú ilé, mo ń ní ọwọ́ mi ló ṣe é.

Wọ́n gba ìtọ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò lẹ́yìn ọ̀kan nínú àwọn ìdíje náà. Ó ti padà sílùú rẹ̀ kí èsì tó jáde. Wọ́n ní àwọn bá oògùn kan lára rẹ̀ tí eléré ìdárayá kò gbọ́dọ̀ lò lásìkò ìdíje. Ó búra pé òun kò lo nǹkan kan. Wọ́n ní tó bá lè fi ibi tí oògùn náà ti wọ̀ ọ́ lára hàn wọ́n, ìjìyà rẹ̀ máa fúyẹ́.

Ó pè mí. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀ ojú irin ní Peckham Rye, ẹrù ọjà wà lọ́wọ́ mi.

“Mama, please, think well. That porridge. Was anything inside it? Anything?”

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ara yín sípò mi. Ọ̀rọ̀ kánsù ló kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n á ní kí n wá jẹ́rìí, wọ́n á béèrè ibi tó ń gbé, wọ́n á gbalé lọ́wọ́ mi. Ọkọ mi sì wà lórí àìsàn nínú ilé náà nígbà yẹn.

Mo ní, “No, my daughter. Only corn. Corn and milk.”

“Okay, Mama. Sorry I asked.”

Òun ló tún ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi.

Ọdún méjì ni wọ́n fi dá a dúró. Nígbà tó padà, àwọn tó ń nà tẹ́lẹ̀ ti fi í sẹ́yìn, orúnkún náà kò sì jẹ́ kó sinmi. Ó gbìyànjú, ó sú u, ó sì fi rákẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Oníjìbìtì ni wọ́n ń pè é nílùú rẹ̀. Ó fẹ́ máa kọ́ àwọn ọmọdé ní tẹníìsì báyìí, ṣùgbọ́n gbogbo ibi tó bá dé ni wọ́n ti ń sọ fún un pé orúkọ rẹ̀ kò mọ́.

Ní gbogbo àsìkò yìí, ó ń pè mí. Kò gbàgbé Iléyá rí. Nígbà tí ọkọ mi kú, ó sunkún lórí fóònù títí ó fi jẹ́ pé èmi ni mò ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

Lóṣù tó kọjá, ìyá rẹ̀ gba fóònù, Mílẹ́nà sì ń túmọ̀ ohun tó ń sọ fún mi. Ó ní gbogbo ayé ló bi ọmọ òun bóyá ó lo oògùn, títí kan bàbá tó bí i. Ó ní èmi nìkan ni n kò bi í rí. Ó ní èmi nìkan ni mo gbà á gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, láìṣiyèméjì, ìdí nìyẹn tí àwọn fi fẹ́ wá rí mi lójúkojú.

Bẹ́ẹ̀ ni, mo gbà á gbọ́. Báwo ni n kò ṣe ní gbà á gbọ́?

Mo mọ̀ pé aṣọ kò bá Ọ̀mọ́yẹ mọ́. Eré ìdíje ti lọ, ìgbà ọmọge rẹ̀ náà ń lọ. Orúkọ rẹ̀ nìkan ló kù tí mo lè dá padà fún un, mo sì fẹ́ dá a padà. Ẹ má sọ fún mi pé kí n gbàdúrà. Mo ti gbà á, ó ti sú mi, ohun kan náà ló ń padà wá sí mi lọ́kàn: lọ sọ ọ́. Kánsù kò bà mí lẹ́rù mọ́, kí wọ́n gba ilé wọn bí wọ́n bá fẹ́. Ojú ọmọ yẹn ló ń bà mí lẹ́rù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tó bímọ, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n pè wọ́n kí wọ́n tó wọ bàálù, àbí kí n jẹ́ kí wọ́n dé? Àgbà kì í kúnlẹ̀ fún ọmọdé nílẹ̀ wa, ṣùgbọ́n mo ti pinnu pé màá kúnlẹ̀. Ẹ sáà sọ fún mi, nínú àwọn méjèèjì, ta ni kí n kọ́kọ́ kúnlẹ̀ fún?