Olú Pupa tí Mo Rí ní Ìlàjẹ Kì í Ṣe Osùn

Ẹ má tì í! Tíṣà Ọláwuyì, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má ti ilẹ̀kùn yẹn mọ́ mi, ẹsẹ̀ mi ló wà níbẹ̀ o, mi ò sì ní yọ ọ́! Ẹ ò tíì wo olú tó wà nínú ewé yìí tí ẹ ti ní kí n lọ fọ osùn mi dànù. Osùn wo? Ọwọ́ mi rèé, ṣé ó pọ́n?

Kí lẹ wí? Tọ̀sẹ̀ tó kọjá? Háà, ṣé mo sẹ́ ni? Èmi ni mo fi osùn Ìyá Falilat tó ń ta osùn ládùúgbò kun olú funfun, tí mo ní mo ti rí olú onífe pupa tí ẹ ń wá, tí ẹ fò sókè, tí ẹ pe gbogbo ojúlé wá wò ó. Ẹ jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n kí ló tú mi fó? Ṣebí awò yín ni, awò tó ń sọ ohun tín-ín-tín di ńlá! Ẹ ní irúgbìn inú ẹ̀ ò ju ìlà méjì lọ lára òṣùwọ̀n inú awò, pé ti onífe pupa gidi ń tó ìlà márùn-ún. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ pé àwọ̀ nìkan ò tó, àfi ká wọn irúgbìn ẹ̀. Ó dáa, kí ló dé tó jẹ́ ojú mi nìkan lẹ wò tí ẹ fi dá mi lẹ́jọ́ lónìí?

Láti Ṣómólú níbí dé Ìlàjẹ létí ọ̀sà, ẹsẹ̀ ni mo fi rìn ín, nínú òjò! Ẹ̀yìn ibi tí Bàbá Ikúmápàyí ti ń yan ẹja ni mo ti rí wọn, lára igi jíjẹrà, wọ́n rí bí ife, inú wọn pọ́n bí ata, irun wẹ́wẹ́ yí etí wọn ká. Sabina ọmọ ẹ̀ ń bi mí bóyá orí mi pé, tí mò ń gbé olú tí ẹnì kan kì í jẹ mọ́ra bí ọmọ tuntun. Mo fi ọṣẹ fọ ọ̀kan nínú wọn, wàláì, kò ṣí!

Ẹ wá ní Wàhábì ló kù tí ẹ ó máa rán lọ wá olú, pé orúkọ tèmi ò ní sí lára àpótí olú tó ń lọ sọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ olú ní Ìbàdàn lọ́jọ́ Ẹtì. Torí pé Wàhábì ka Sítáńdáàdì Síìsì? Èmi dúró ní Fọ́ọ̀, mo gbà, ṣé olú ń béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹni tó rí i ni? Wàhábì tó ń sá fún ìgbín!

Ẹ gbé ojú yín sún mọ́ ọn. Mi ò ní fi nǹkan kan ṣe yín! Ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i, jẹ́jẹ́...

Yéè! Ẹ rí i? Ó rú èéfín! Osùn ìyá ta ló ń rú èéfín, Tíṣà? Ó ti bo dígí ojú yín! Rárá, ẹ má nù ún! Irúgbìn ẹ̀ nìyẹn! Ẹ bọ́ dígí yín, ẹ há a sábẹ́ awò, kí ẹ ka ìlà ẹ̀ sókè kí gbogbo ojúlé gbọ́. Tó bá pé márùn-ún, ẹ mú gègé, ẹ kọ ọ́ gàdàgbà: Moshood Gbàdàmọ́sí ló rí i. Ìgbà yẹn ni mo máa yọ ẹsẹ̀ mi!