Aṣọ Tí Alhaja Ṣìfáwù Lọ Gbà Padà

Ẹ pa fóònù yẹn. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sídìí fáànù, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Ẹ wá gbọ́ wáàsí, ẹ sì ti ń sùn kí n tó yanu. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ wà lẹ́yìn kọ́tìnì, mò ń gbọ́ yín o. Léèsì tó wà lọ́rùn ara yín lẹ ń díye lé látìgbà tẹ́ ẹ ti jókòó. Ẹ ṣì mú sùúrù, ìdí léèsì yẹn gan-an la máa dé lónìí. Asàlámù aléékúmù. Ẹ dáhùn dáadáa, àbí ẹ ò tíì jẹun ni? Ẹ̀hẹ́n.

Ọmọdé ni mí, ẹ̀yin àgbà ẹ foríjì mí, ṣùgbọ́n màá sọ ọ́. Aṣọ tó wà nínú àpótí ẹ tó ò wọ̀, Ọlọ́run máa bi ẹ́ nípa ẹ̀. Tó o bá fẹ́ ṣe sàráà, èyí tó o fẹ́ràn ni kó o mú, má mú èyí tí eku ti jẹ. Tó o bá sì ti fún èèyàn, ó ti lọ nìyẹn. Ṣé ẹ gbọ́? Ẹ ní ẹ gbọ́, ṣùgbọ́n ojú yín ò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn ṣe é.

Obìnrin kan wà ní Ìwó, Alhaja Ṣìfáwù ni wọ́n ń pè é. Ẹ má wo ara yín, Ìwó tóbi. Ọkọ ẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ ti kó lọ, ó wá ku òun àti wọ́dúróòbù mẹ́ta. Èèyàn kan o. Léèsì tó fi ṣe ìkómọ ọmọ tó ti di lọ́yà báyìí, ó wà níbẹ̀. Bùbá tí apá ẹ̀ ò wọlé mọ́, ó wà níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ní kó fún èèyàn, á ní, "Màá tún fọn, màá wọ̀ ọ́." Alhaji tó ń rẹ́rìn-ín lọ́hùn-ún, bùbá ìgbéyàwó tiyín ńkọ́, ṣé bọ́tìnnì ẹ̀ ṣì ń pàdé níkùn?

Nígbà tí ààwẹ̀ ku bí oṣù kan kó wọlé, Ìyá Àdínnì ní kí gbogbo ẹgbẹ́ Àsálátù kó aṣọ wá fún àwọn opó. Alhaja ṣí wọ́dúróòbù. Ó fọwọ́ kan léèsì búlúù, ó ní, "Èyí kọ́." Ó fọwọ́ kan dàmásíkì, ó ní, "Èyí ṣì ń dán." Ló bá bẹ̀rẹ̀, ó ń ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀. Bùbá tó ti ya lábíyá. Ìró tí áyọ́ọ̀nù ti jó. Aṣọ ibùsùn funfun tó ti pọ́n. Ó ń jù wọ́n sínú àpò Gáná, kò wò wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Ta ló ń wo ìdọ̀tí lẹ́ẹ̀mejì? Ó di ẹnu àpò pinpin, ó ní, "Ọlọ́run, gbà á." Kí l'Ọlọ́run fẹ́ gbà níbẹ̀? Ẹ dá mi lóhùn.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, Alhaja Wósílátù kú. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ ni, wọ́n jọ lọ Mẹ́kà ni. Ó kírun àsùbá tán, ó ní kí wọ́n bu omi wá, kí omi tó dé ó ti lọ. Àwọn ọmọ ẹ̀ wá yọ kafáànì tó ti fi omi Sàmúsámù fọ̀ ní Mẹ́kà jáde. Ẹ mọ̀ ọ́n, aṣọ funfun tí èèyàn ń rà lọ́hùn-ún, tó ń fọ̀, tó ń sá, tó ń tọ́jú de ọjọ́ tí wọ́n máa fi dì í. Alhaja Ṣìfáwù dúró tì wọ́n, ó ń wò ó, ó ń sọ lọ́kàn ẹ̀ pé, "Tèmi náà wà nílé." Òun àti ọkọ ẹ̀ ni wọ́n jọ fọ tiwọn. Tọkọ ni wọ́n fi sin ọkọ.

Ó délé, kò tíì bọ́ bàtà, ó ní kóun yẹ̀ ẹ́ wò. Ó tú wọ́dúróòbù àkọ́kọ́. Kò sí. Ó tú èkejì, ó tú ẹ̀kẹta. Aṣọ kún ilẹ̀ débi pé kò ríbi tẹsẹ̀ sí mọ́. Jámọ́ọ̀, ẹ wo nǹkan. Obìnrin tó ní aṣọ tó tó igba, kò rí ẹyọ kan tí wọ́n máa fi sin ín.

Ìgbà náà ló rántí aṣọ funfun tó pè ní aṣọ ibùsùn.

Ẹ̀rù ikú dé. Orúnkún tó ti ń dùn ún látọdún mẹ́wàá, ó ní ikú ni. Ó húkọ́, ó ní ẹ ò rí i. Ó fi gèlè lé orí, ó di ilé Ìyá Àdínnì.

"Ìyá Àdínnì, àpò mi dà?"

"Èyí tó ń rùn káńfọ̀ yẹn? A ti pín in. Ká má purọ́, Alhaja, aṣọ funfun yẹn nìkan ló ṣeé fún èèyàn nínú ẹ̀. Ìyá Tàjù la fún. Ẹ ò bá rí àdúrà tó ń ṣe fún yín."

Ìyá Tàjù yìí, Mọ̀dínátù lorúkọ ẹ̀, ọkọ ẹ̀ kú lọ́dún tó kọjá, ó fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀ fún un. Nígbà tí Alhaja wọlé, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló tò síwájú ìyá wọn nínú jálábíà funfun báláú, ó ń já okùn ìránṣọ tó kù lára wọn. Obìnrin náà rí Alhaja, ó kúnlẹ̀.

"Mọ̀mọ́, Ọlọ́run ló gbé yín wá. Ẹ gbọ́wọ́ lé wọn lórí. Ọjọ́ Sọ́ńdè ni Tàjù àti Lúkúmọ́nù máa ṣe wòlímọ̀, wọ́n ti parí kéú wọn. Ààfáà wọn ní ẹni tí kò bá wọ funfun ò ní bá wọn tò. Mo ti ní kí wọ́n jókòó sílé, àfi bí sàráà yín ṣe dé. Sàfíyà yìí ò ṣe nǹkan kan o, ó kàn ní òun náà fẹ́ wọ̀ ọ́ ni."

Alhaja wo apá jálábíà, ó wo ọrùn ẹ̀. Kò gbọ́wọ́ lé ẹnì kankan lórí.

"Ìyá Tàjù, aṣọ òkú nìyẹn."

"Hẹn?"

"Kafáànì mi ni. Mo ṣì í mú ni. Mo fẹ́ gbà á."

"A ti gé e, mọ̀mọ́."

"Bó ṣe wà yẹn náà."

Ìyá Tàjù dìde lórí ìkúnlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó ní, "Tàjù, ẹ bọ́ ọ." Àwọn ọmọ bọ́ ọ, ó ku pátá nídìí wọn. Sàfíyà ló na tiẹ̀ sí i, ó ní, "Mọ̀mọ́, kò ní wọ̀ yín."

Ànábì wa ní ẹni tó bá fún èèyàn ní nǹkan tó tún lọ gbà á, ó dà bí ajá tó bì tó padà jẹ èébì ẹ̀. Ẹ má yanu sí mi, ọ̀rọ̀ tèmi kọ́.

Alhaja kó jálábíà mẹ́ta lọ bá Bàbá Gàníyù télọ̀, pé kó tú u, kó so ó pọ̀. Bàbá yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì.

"Alhaja, mi ò rí kafáànì tó ní ọrùn rí. Apá mẹ́fà rèé. Ṣé kí àwọn mọ̀láíkà máa wá èyí tó jẹ́ tiyín nínú ẹ̀ ni?"

"Bàbá, omi Sàmúsámù ni mo fi fọ̀ ọ́."

"Ṣé omi tẹ́ ẹ fi fọṣọ ni wọ́n máa bi yín, àbí iṣẹ́ tẹ́ ẹ ṣe? Sàábé Ànábì kan, ọ̀kan nínú àwọn tó bá a rìn, ń kú lọ, aṣọ àlòkù ara ẹ̀ ló ní kí wọ́n fọ̀ kí wọ́n fi sin òun, pé alààyè ló nílò tuntun. Ẹ dá a padà fún ọlọ́mọ."

Ìtìjú mú un. Ó yà padà sílé Ìyá Tàjù. Obìnrin náà dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò ní kó wọlé.

"Mọ̀mọ́, ẹ ṣeun. Ẹ máa mú un lọ."

"Mo ti yọ̀ǹda ẹ̀, ọmọ mi. Látọkàn wá."

"Mo gbọ́. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá tún rántí ńkọ́? Tó bá wá jẹ́ ìta gbangba, lójú àwọn ẹgbẹ́ wọn? Mo ti bọ́ ọ lọ́rùn wọn lẹ́ẹ̀kan. Mi ò lè bọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì."

Ó sì ti ilẹ̀kùn.

Jámọ́ọ̀ mi, ẹ bá mi ro ó wò. Kafáànì tí kò ṣeé sin òkú, tí alààyè ò gbà. Alhaja gbé e dání délé, ó jókòó sáàárín aṣọ tó kún ilẹ̀, gbogbo ẹ̀ wá dà bí ẹni tó ń dúró láti jẹ́rìí. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti kó wọ́dúróòbù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde. Léèsì búlúù lọ, dàmásíkì lọ. Ó kó gbogbo ẹ̀ fún Ìyá Àdínnì, ó ku aṣọ mẹ́rin péré fún un. Síbẹ̀, títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, tẹ́nì kan bá kanlẹ̀kùn, àyà ẹ̀ á já. Ikú kọ́ ló ń bà á lẹ́rù mọ́. Ìbéèrè ni.

Ìwọ ńkọ́? Tó o bá délé lónìí, ṣí i. Èyí tí ọwọ́ ẹ bá lọ́ra lórí ẹ̀, òun gan-an ni kó o yọ. Má sọ fún mi pé ọ̀la.

Ọlọ́run, aṣọ tó o fi bò wá, má jẹ́ kó di ẹjọ́ sí wa lọ́rùn lọ́jọ́ àlùkìyámọ̀. La ọwọ́ wa kí ikú tó là á. Fi ọ̀nà hàn wá. Gba sàráà Alhaja Ṣìfáwù, fọkàn ẹ̀ balẹ̀, kó o sì fi àlùjánnà kẹ́ ẹ. Ẹ ṣàmín.

Ìyá tó gbé garawa omi dání lẹ́nu ọ̀nà yẹn, ẹ̀yin ò ṣàmín. Ṣé ẹ fẹ́ sọ̀rọ̀ ni? Ẹ sọ ọ́, ẹ má tijú.

"Ààfáà, Alhaja nìkan lẹ ń ṣàdúrà fún. Kí làwọn ọmọ yẹn wá wọ̀ lọ síbi wòlímọ̀?"