Ewé Tó Ní Irun

Ẹ̀yin ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Dókítà ní kí n má sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ sàréè, n kò ní sinmi níbẹ̀. Kì í ṣe ìyá yín ló pa kòkòrò bàbá yín. Èmi ni.

Ẹ mọ̀ pé ọgbà tí wọ́n ti ń tọ́jú igi ni mo ti ṣiṣẹ́. Nígbà tí bàbá yín fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀, tó ní òun fẹ́ máa sin kòkòrò tó ń ṣe òwú sílíkì, igi mọ́bẹ́rì funfun ló ní kí n bá òun wá, torí ewé rẹ̀ ni kòkòrò náà ń jẹ. Àwọn èèyàn rò pé àwọ̀ èso la fi ń mọ mọ́bẹ́rì. Irọ́ ni: mọ́bẹ́rì funfun lè so èso dúdú bí èédú. Ewé ni kí ẹ fọwọ́ pa. Ti funfun a máa dán bí ẹni fi òróró pa á. Ti pupa a máa ha èèyàn lọ́wọ́. Ìbátan wọn kan wà tí à ń pè ní oníwèé, torí wọ́n máa ń fi èèpo rẹ̀ ṣe ìwé; ewé tirẹ̀ nípọn, ó sì ní irun bí kúbúsù. Mo mọ gbogbo èyí bí ẹní mowó.

Mo ya ọ̀gbìn funfun sọ́tọ̀ fún un, àmọ́ ọ̀lẹ ni mí, n kò bomi rin wọ́n, gbogbo wọn gbẹ. Ojú tì mí. Mo hú oníwèé tó ń hù kiri lẹ́yìn ọgbà, mo gbé e fún un, ó sì gbìn ín sẹ́yìn ilé yìí. Ewé àwọn méjèèjì a máa là bí ìka ọwọ́ nígbà tí wọ́n bá kéré, bàbá yín kò sì dá wọn mọ̀. Ìyá yín nìkan ló fọwọ́ pa á.

"Ọkọ mi, ewé yìí mà ní irun. Ṣebí èyí tó ń dán lẹ wí?"

Mo bú sẹ́rìn-ín. "Ìyàwó wa, irun ọmọ tuntun ni. Tó bá dàgbà, á fá a."

Igi dàgbà, irun ò lọ. Nígbà tí ẹyin kòkòrò pa, àwọn ọmọ wọn kò jẹ ewé náà. Wọ́n gbé orí sókè, wọ́n ń mì í sọ́tùn-ún sósì, wọ́n ń wá oúnjẹ. Mo mọ ibi tí funfun wà nínú ọgbà wa, n kò sì lọ já a, torí bí mo bá já a wá, àṣírí mi tú. Gbogbo wọn kú sínú tíréè.

Bàbá yín kọjú sí ìyá yín. "Oògùn ẹ̀fọn tó o fín ló pa wọ́n!"

"Kíṣìnì ni mo fín in sí, Ọlọ́run ń gbọ́."

Bàbá yín bi mí pé, "Ìwọ tó o mọ̀ nípa nǹkan wọ̀nyí, ṣé oògùn ẹ̀fọn lè pa wọ́n?"

Mo ní, "Ó lè pa wọ́n, ẹ̀gbọ́n mi."

Ẹ wo ìkà tí mo jẹ́: òótọ́ ni mo fi purọ́. Ìyá yín wò mí. "Ọkọ mi, ẹ ò ní sọ ti ewé?" Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ń kó tíréè. Ó kó ẹrù rẹ̀ jáde, ẹ̀yin náà sì dàgbà láàárín ilé méjì.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń bá igi yẹn jà. Mo gé e, mo hú gbòǹgbò rẹ̀, mo da kẹrosíìnì sí i. Ó tún ń yọ. Ó ti la sìmẹ́ńtì lẹ́yìn fèrèsé yìí, ẹ wò ó. Apá mi ò ká a. Láàárọ̀ yìí bàbá yín ń nu ẹnu mi, ó ní, "Ìwọ nìkan lo dúró tì mí." Ẹkún ni mo sun, ó rò pé ara ló ń ro mí.

Ẹ dárí jì mí bí ẹ bá lè ṣe é. Ẹ má sì jẹ́ kí ìtìjú kékeré sọ yín di òpùrọ́ láé. Kí ẹ tó lọ, ẹ já ewé kan lójú fèrèsé yẹn. Ẹ kọ́kọ́ mú un lọ bá ìyá yín kí ẹ tó fi han bàbá yín. Ẹ sọ fún ìyá yín pé mo ní òótọ́ ló sọ: ewé náà ní irun.