Àpótí Iná Tó Wúwo Jù

Mo fi ojú mi méjèèjì búra, Bọ̀ọ̀dá Rangel, òótọ́ pọ́ńbélé ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, kò sí àbùmọ́ kankan níbẹ̀! Ó dáa, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn. Ojú kan ni mo fi búra. Bí àbùmọ́ bá wà níbẹ̀, kò ju bíńtín lọ, bí iyọ̀ inú ọbẹ̀ ni, ẹ ó ti gbé e mì kẹ́ ẹ tó mọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé kọfí yẹn sílẹ̀. Ẹ gbé e sílẹ̀, mo ní! Ohun tó wà nínú àpò tí mo gbé dání yìí kì í ṣe ohun téèyàn ń wò kó tún máa mu kọfí.

Bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni. Èmi Svilen ni mo lẹ ìwé ìkéde òkú mọ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù yín láàárọ̀ yìí, kí lẹ wá ń pariwo sí? Ẹ lọ kà á dáadáa, ẹ̀yin kọ́ lẹ kú níbẹ̀. "Pẹ̀lú ẹ̀dùn ọkàn la fi ń kéde ikú kọ̀ǹpútà wa ọ̀wọ́n, tó fi ayé sílẹ̀ lọ́dọ̀ọ́, èyí tí Rangel ṣèlérí pé yóò lo ọdún mẹ́wàá." Mo fi ìlà dúdú yí i ká, mo fi àgbélébùú sí i lórí, bíi ti gbogbo èyí tó wà lára òpó iná àti ilẹ̀kùn ní ìlú Kyustendil yìí. Ṣé ẹ̀bi mi ni pé àwọn èèyàn rí orúkọ yín, wọn ò ka ìyókù kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àmì àgbélébùú sáyà? Ìyá tó ń ta òdòdó níkangun òpópó ló wá fi òdòdó méjì há ẹnu ilẹ̀kùn yín. Àwọn òdòdó náà rèé lọ́wọ́ mi. Méjì o! Ẹyọ kan tàbí mẹ́ta là ń fún alààyè. Méjì, ti òkú ni. Èmi ò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ pé òdòdó lè ba èèyàn lẹ́rù, ṣùgbọ́n nígbà tí mo yọ ọ́ níbẹ̀, ohun kan sọ sí mi lọ́kàn pé àwọn méjì yìí ní ibi tí wọ́n ń lọ, kì í sì ṣe ọ̀dọ̀ yín.

Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ débẹ̀. Ẹ má kù gìrì mọ́ mi.

Gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá ni mo fi wà lórí àkàbà tí mò ń ká èso ṣẹ́rì, tí oòrùn ń sun mí lẹ́yìn ọrùn, tí oyin ń ta mí létí, àwọn ọ̀rẹ́ mi wà létí òkun, nítorí kí ni? Nítorí kọ̀ǹpútà géèmù kan ṣoṣo tí mo máa fi ọwọ́ ara mi tò, tí kò sì ní di àlàpà kí n tó hu irùngbọ̀n! Ta ló wá jókòó sórí àga tẹ́ ẹ wà yìí tó ń kọ́ mi bí mo ṣe máa ṣa ẹ̀yà ẹ̀? Ẹ̀yin ni! Ẹ ní, "Svilen, bí ilé kíkọ́ ni, ohun tó ò ní lè pààrọ̀ lọ́la ni kó o náwó lé." Mo gbọ́. Ẹ ní kí n ra bọ́ọ̀dù ńlá, pátákó tí gbogbo ẹ̀yà ń jókòó lé, tó máa lè gba ọpọlọ kọ̀ǹpútà tuntun lọ́jọ́ iwájú, mo rà á. Ẹ ní kí n má ṣe ra ọpọlọ tó ń fakọ, kí n ra èyí tó mọ iṣẹ́ ẹ̀ níwọ̀n, mo rà á. Ẹ ní mẹ́mọ́rì kékeré méjì sàn ju ńlá kan lọ, pé wọ́n á jọ máa sáré bí ẹṣin méjì tó ń fa kẹ̀kẹ́ kan, mo rà á, mo sì fi àyè méjì sílẹ̀ níbẹ̀ fún ọjọ́ tí Ọlọ́run bá rántí mi. Káàdì àwòrán ńkọ́? Ẹ ní àlòkù ni kí n wá lọ, lọ́wọ́ onímọ̀ọ́tótó. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Pernik, sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń fi búrọ́ọ̀ṣì nu tiẹ̀ bí ẹni ń nu ojú ọmọ ìkókó. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún nígbà tí mo gbé e lọ!

Ó wá ku àpótí iná, èyí tó ń pín iná fún gbogbo wọn. Owó sì ti ń tán lọ. Oríṣi méjì ló wà lórí pẹpẹ yín, ọ̀kan lórúkọ, ó fúyẹ́, ó wọ́n. Èkejì ò lórúkọ. Kí lẹ ṣe? Ẹ gbé aláìlórúkọ lé àtẹ́lẹwọ́, ẹ jù ú sókè díẹ̀, ẹ hán an, bí Ìyá-àgbà mi ṣe ń yan bàrà lọ́jà, ẹ wá ní, "Gbé e wò, ọmọ. Àpótí iná tó dáa máa ń wúwo. Bàbà gidi ló kún inú ẹ̀." Mo gbé e wò. Ó wúwo bí ẹ̀ṣẹ̀! Mo ní háà, bàbà nìyí lóòótọ́. Ṣebí ọwọ́ ni òṣùwọ̀n gbogbo wa ní ìlú yìí? Búrẹ́dì, ọwọ́ la fi ń wọ̀n ọ́n. Wàràkàṣì, ọwọ́. Ọmọ tuntun, ọwọ́!

Ẹ wá gbọ́ bó ṣe ṣe mí. Láti ọjọ́ tí mo ti tàn án, ó ń súfèé. Kì í ṣe ariwo fáànù o, mo mọ ariwo fáànù. Súfèé tín-ín-rín ni, bí ẹni tó dúró lẹ́yìn ògiri tó ń pe ajá. Bí géèmù bá le díẹ̀, gílóòbù inú ilé ìdáná á sì rẹ̀ wálẹ̀. Ìyá-àgbà ní, "Svilen, ta ló ń mu iná wa?" Mo ní, "Ìyá-àgbà, òkú ọkọ yín ni, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́." Ó sọ bàtà lù mí. Ọjọ́ kejì, òórùn bẹ̀rẹ̀, òórùn irun tó ń jó. Ìyá-àgbà gbá gbogbo ilé, ó ń wá eku tó kú. Ní ọ̀sán àná, mo wà nídìí géèmù, ó ń lọ aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Súfèé yẹn bá dákẹ́. Lójijì. Mo ṣì ń sọ pé ọpẹ́ ni, ni nǹkan bá dún GBÒÀ! Iná bọ́ jáde níhò ẹ̀yìn ẹ̀, ó gun kọ́tìnì tí Ìyá-àgbà fi ọwọ́ ẹ̀ hun nígbà tó jẹ́ ìyàwó. Bí kò bá jẹ́ pé ó ju bùláńkẹ́ẹ̀tì onírun àgùntàn lé e, ìwé ìkéde tó ní àwòrán tèmi lẹ bá máa kà láàárọ̀ yìí. Èmi ńkọ́? Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ mọ̀ mí, ẹ̀rín pa mí. Bọ́ọ̀dù kú, ọpọlọ kú, káàdì ará Pernik kú, gbogbo wọn tẹ̀ lé e lọ sọ́run bí ìyàwó tó bá ọkọ kú.

Ẹ ṣí àpò náà wàyí. Ẹ fọwọ́ kàn án, kì í géni jẹ. Mo tú nọ́ọ̀tì ẹ̀ láàárọ̀ yìí. Bàbà dà? Ẹ fi hàn mí! Wáyà tín-ín-rín bí irun orí, àti kí nìyí? Kí lẹ pe èyí? Ògúlùtu kọnkéré ni! Wọ́n po símẹ́ǹtì, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí ẹ̀ kí ọwọ́ òmùgọ̀ lè sọ pé ó wúwo! Àwa ará Kyustendil, àwa tá a mọ̀ pé àwọn kan máa ń fi òkúta sí ìdí àpótí ṣẹ́rì kí wọ́n tó gbé e fún oníbàárà, àwa ni wọ́n wá fi òkúta ìdí àpótí mú!

Ẹ ní ẹ ò mọ̀? Ẹ ní inú búùtù ọkọ̀ ẹnì kan ní Sofia lẹ ti rà á, ẹ̀yin náà fọwọ́ wọ̀n ọ́n? Ojú yín ti funfun, mo lè gbà yín gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ dákun, méjì lẹ rà, àbí méjì kọ́? Ta ló ra èkejì?

Hẹ̀n-ẹ́n. Ẹ ti rántí.

Baba Stamen. Mo rí i lójú ọ̀nà níjẹta, ó gbé e sínú àpò ìtajà ẹ̀, ó ń fi í hàn mí. "Wò ó, Svilen, ó wúwo bí ọmọ ọdún kan!" Mirela, ọmọ ọmọ ẹ̀, ló rà á fún. Wọ́n sì ti ti gbogbo ilé ìwé pa nítorí àjàkálẹ̀ ọ̀fìnkìn, Bọ̀ọ̀dá, gbogbo ọmọ ló wà nílé, kọ̀ǹpútà yẹn ò sì ní sinmi láti òwúrọ̀. Ọmọ náà fi nǹkan ìgbọ́ran bo etí. Baba Stamen ò gbóòórùn mọ́ láti ìgbà tó ti ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ ọ̀dà. Ta ló máa gbóòórùn irun tó ń jó?

Kí ló dé tí n kò lọ? Mo lọ! Mo kànkùn títí ọwọ́ mi fi bó. Baba náà wò mí láti ihò ilẹ̀kùn, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, lódún tó kọjá o ní gáàsì ń jò, gbogbo ilé wa fi aṣọ àwọ̀sùn sá jáde. Iná lo wá mú wá lọ́tẹ̀ yìí?" Ó fi ẹ̀wọ̀n ilẹ̀kùn kọ́ ọ. Mo pe àwọn panápaná, wọ́n dá ohùn mi mọ̀, wọ́n ní kí n kí Ìyá-àgbà mi. Ẹ wo ìyà! Òótọ́ kan ṣoṣo tí mo ní láyé mi, kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ! Bí mo sì ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, mo gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Súfèé yẹn. Ó ṣì ń súfèé, Bọ̀ọ̀dá. Ìgbà tó bá dákẹ́ ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù.

Ẹ ní ó di ìrọ̀lẹ́ tẹ́ ẹ bá ti ṣọ́ọ̀bù kẹ́ ẹ tó lọ? Ó dáa. Ẹ wo ojú fèrèsé. Ẹ rí ọkọ̀ funfun yẹn, tí ọkùnrin inú ẹ̀ ń kọ nǹkan? Ọ̀gá ayẹ̀wò ọjà ni, láti Sofia. Mo ti fi kọnkéré yìí hàn án. Ó ní tí Rangel bá gba èkejì padà fúnra ẹ̀ lọ́sàn-án yìí, òun á fojú fò ó. Tí kò bá sì ṣe é... Ẹ wo bẹ́ ẹ ṣe ń wá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀! Àpò òsì ló wà. Ẹ jẹ́ ká lọ.

Ẹ yà sọ́tùn-ún níbi ilé ìwẹ̀ olómi gbígbóná. Ẹ má dúró fún iná ojú pópó yẹn, ẹ tẹ̀ ẹ́! Ilé Baba Stamen nìyẹn, èyí aláwọ̀ eérú yẹn. Ẹ má wọ ẹ̀rọ tó ń gbéni ròkè, ó máa ń há. Ẹ gun àtẹ̀gùn. Ẹ sáré díẹ̀, Bọ̀ọ̀dá, ikùn yẹn ò ní pa yín!

Ṣé ẹ gbọ́ òórùn ẹ̀?

Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kànkùn. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ sọ̀rọ̀, èmi á fara pa mọ́. Ẹ kú ọ̀sán, Baba Stamen, mo ti dákẹ́, mo ti dákẹ́. Mirela, dìde níbẹ̀! Bọ́ nǹkan etí yẹn! Ó dákẹ́, Bọ̀ọ̀dá, súfèé yẹn ti dákẹ́! Ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ yọ wáyà ẹ̀ lára ògiri! Ẹ yọ ọ́!

Ó ti kúrò.

Ẹ gbé e sókè wàyí. Ẹ wo kápẹ́ẹ̀tì tó wà lábẹ́ ẹ̀. Ó ti di dúdú roboto, bí ìdí ìkòkò. Baba Stamen, ẹ jókòó. Bọ̀ọ̀dá Rangel máa gbé àpótí tó lórúkọ wá fún Mirela kílẹ̀ tó ṣú, kò sì ní gba kọ́bọ̀. Àbí ẹ máa gbà á? Mo ní àbí ẹ máa gbà á? Ẹ ṣeun.

Nípa ọ̀gá ayẹ̀wò ọjà yẹn. Hà! Kò sí ọ̀gá kankan! Awakọ̀ tó ń gbé búrẹ́dì kiri ni, ó ń ka iye tó kù. Ẹ wo ojú yín! Irọ́ kan tí mo fi sí i nìyẹn. Ó dáa, méjì ni. Èmi ni mo ra òdòdó méjèèjì, ìyá olódòdó ò mọ nǹkan kan. Mirela, gba ọ̀kan, èkejì á bá mi relé. Ẹyọ kan. Ti alààyè nìyẹn.

Irọ́ méjì náà ò dáa, iye ti òkú ni. Ẹ jẹ́ n fi ẹ̀kẹta kún un. Mo ní mo rẹ́rìn-ín nígbà tó dún gbòà. Mi ò rẹ́rìn-ín. Ìyá mi ni mo pè, bí ọmọ kékeré, ìyá mi tó wà ní Ítálì tó ń tọ́jú arúgbó ẹlòmíràn. Mo pè é títí iná fi kú.

Ẹ má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá sọ ọ́, ìwé tí mo máa lẹ̀ lọ́la, ẹ̀yin gan-an lẹ máa jẹ́ òkú níbẹ̀.