Koríko Tí Mo Ṣán De Àlejò

Rárá, Àǹtí Jameelah, ẹ ṣeun, mi ò níí jókòó, ẹ jẹ́ kí n dúró sọ ọ́, torí bí mo bá fi lè jókòó báyìí, ó máa rẹ̀ mí débi pé mi ò ní lè sọ ọ́ mọ́. Láti Mushin ni mo ti ń bọ̀ ní Yaba yín níbí láàárọ̀ yìí, mo fi ẹran sílẹ̀ lórí tábìlì fún ìyàwó mi, mo ní kó bá mi máa tà á, torí lẹ́tà tí ẹ kọ yìí ò jẹ́ kí n lè di ọ̀bẹ mú. Àbí ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ ọ́? Orúkọ yín ló wà nísàlẹ̀ níbí. Ẹ ní ilẹ̀ bàbá wa ti bàjẹ́. Bàjẹ́ kẹ̀! Ẹ ní ẹgbẹ́ olùsìn màlúù yín ò lè kọ ilẹ̀ tó ti bàjẹ́ mọ́ àwọn ilẹ̀ ìjẹko tí ẹ ń dáàbò bò, pé ká lọ sinmi ná, ó di ọdún mẹ́ta. Ọdún mẹ́ta! Ẹ wo orí mi, mélòó ló kù tó dúdú níbẹ̀?

Ẹ má bínú. Mi ò pariwo lé yín lórí. Ẹni tó bá ti ń polówó ẹran láti ogójì ọdún, ohùn rẹ̀ kì í lọ sílẹ̀ mọ́ ni.

Mo gbà pé ẹ ò bá koríko níbẹ̀. Mo gbà. Èmi ni mo ṣán an, mi ò sì purọ́ fún yín rí. Ṣùgbọ́n ẹ bi mí, kí ló dé tí mo fi ṣán an? Àlejò ń bọ̀ ni! Ẹ̀yin lẹ pè mí lórí fóònù lọ́jọ́ Ajé, ẹ ní lọ́jọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kejì àwọn ọ̀gá yín ń bọ̀ wá wo ilẹ̀ wa l'Ógbómọ̀ṣọ́, pé bí wọ́n bá ti wò ó tán, wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Kí lẹ wá fẹ́ kí n ṣe? Kí n mú àwọn èèyàn ńlá gba inú koríko tó ga dé àyà? Kí ejò bù wọ́n jẹ ńkọ́? Nígbà tí a wà nílé ìwé, bí sípẹ́kítọ̀ bá ń bọ̀, kí ni tíṣà máa ń ní ká mú bọ̀ láti ilé? Àdá ni o! A ó máa ṣán koríko títí ọwọ́ wa á fi bó. Wolé-wolé ńkọ́? Bó bá dé tó bá koríko lẹ́yìnkùlé rẹ, kóòtù tààrà ni. Bí àna bá ń bọ̀ wá tọrọ ọmọ, a ó ṣán ọ̀nà. Bí wọ́n bá ń gbé òkú bọ̀ wálé láti Èkó, a ó ṣán ọ̀nà. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, mi ò tíì gbọ́ pé àlejò bínú nítorí pé ibi tí wọ́n gbà á sí mọ́ jù.

Ẹ̀ẹ̀mẹjọ lẹ wá kọ́ wa, Àǹtí. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ! Ẹ ní ká pín ilẹ̀ náà sọ́nà mẹ́rin, kí màlúù máa jẹ ọ̀kan, kí mẹ́ta máa sinmi. A pín in. Ẹ ní ká má dáná sun ún, ká má gbin nǹkan kan sí i, ká fi èyí tó dára jù pamọ́ de ẹ̀ẹ̀rùn. A ṣe gbogbo ẹ̀. Ọdún méjì gbáko ni mo fi ń wọkọ̀ lọ síbẹ̀ lóṣooṣù, ẹ̀yìn ń dùn mí, orúnkún ń dùn mí, mo ṣá ń lọ. Kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú yín tó ní, bàbá, ọjọ́ tí a bá ń bọ̀ o, ẹ má ṣán an. Ẹ ò sọ ọ́!

Kí lẹ ní? Ó yẹ kí n mọ̀? Hẹ̀n. Ó yẹ kí n mọ̀, òótọ́ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fa àga yẹn fún mi.

Èèyàn mẹ́fà ni mo kó wọ inú ẹ̀, ọjọ́ méjì la fi ṣán an. Èyí tó ga jù la sì ṣán, èyí tó ti ń sinmi láti èṣí, torí pé ẹ̀gbẹ́ títì ló wà, òun ni mọ́tò yín máa kọ́kọ́ kàn. A fi ràkì wọ́ ọ jọ, oòrùn gbẹ ẹ́, a sun ún. Èmi Ṣítù, èmi alára, mo mú ìgbálẹ̀, mo gbá ilẹ̀ ìjẹko! Mo ní kí wọ́n ta kánópì sí i, mo to àga, mo ki ọtí ẹlẹ́rìndòdò bọ inú yìnyín. Màmá wa, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, wọ́n fi ọ̀pá tilẹ̀ jáde, wọ́n ní ibẹ̀ mà dùn-ún wò o, wọ́n súre fún mi. Inú mi dùn, wàláì, inú mi dùn bí ti ọmọdé.

Ẹ wá dé. Ọ̀gá yín yọ férémù onígi kan, ó ní orí koríko tí a fi pamọ́ de ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n máa ń jù ú sí, kí wọ́n wá ka ohun tó hù sínú ẹ̀. Ó jù ú. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wò ó. Ó tún jù ú síbòmíràn. Kò rí nǹkan kà. Ẹnikẹ́ni ò bú mi, mi ò ní parọ́ mọ́ wọn, wọ́n kàn ń wo ojú ara wọn ni. Ẹ̀yin náà ń wolẹ̀, mo rí yín. Ẹ ya fọ́tò, ẹ wọ mọ́tò, ẹ lọ, ẹnì kan ò mu ẹyọ ọtí kan.

Muadh ò sí ńlé. Muadh, Fúlàní tó ń da màlúù wa láti ìgbà ayé bàbá mi, etídò ló kó wọn lọ lọ́sẹ̀ yẹn. Lọ́jọ́ kejì ló dé. Kò kí mi. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun lára, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, oúnjẹ ẹ̀ẹ̀rùn nìyí. Kí ni wọ́n máa jẹ?" Áà, Àǹtí. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ ohun tí mo ṣe. Ojú tì mí ju ìgbà tí ẹ̀yin wá lọ.

Ṣé ẹ mọ ibi tí lẹ́tà yín ti ń ṣiṣẹ́ báyìí? Èbúté Mẹ́ta ni, lọ́wọ́ àbúrò mi, Níyì. Mo kúkú sọ fún yín nígbà kan pé Níyì ti rí ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ náà kó fi kọ́ ilé rẹpẹtẹ sí i. Èmi ni mo dá a lábàá nípàdé ẹbí pé bí ẹgbẹ́ yín bá gba ilẹ̀ náà, kó má tà á mọ́ láéláé, bí ẹ ò bá gbà á, kó tà á. Ọkàn mi balẹ̀ nígbà yẹn, koríko ń bẹ! Lọ́la òde yìí, tí wọ́n bá kírun Jímọ̀ tán, olùrà ń bọ̀. Níyì ti ṣe fọ́tòkọ́pì lẹ́tà yín pín fún gbogbo ẹbí, ó ní, ẹ̀gbọ́n, àwọn èèyàn yín fúnra wọn ló ní ilẹ̀ ti bàjẹ́, kí la tún ń fi í ṣe? Kí ni kí n fi dá a lóhùn? Màlúù mọ́kàndínlógún ló kù níbẹ̀, orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan ni màmá wa fi ń pè wọ́n. Bí wọ́n bá lé wọn kúrò, ta ló máa rà wọ́n? Alápatà ni! Èmi náà ni! Ṣé kí n wá gbé màlúù ìyá mi lé orí tábìlì ní Mushin, kí n máa bi oníbàárà pé ṣé ẹsẹ̀ ni àbí ìgbáàyà?

Mo ti gbọ́. Ìlànà ni. Férémù ò rí nǹkan kà, ẹ ò sì lè kọ ohun tí kò sí. Mi ò ní kí ẹ purọ́, àsìtàfírúlà. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ yẹn ò bàjẹ́! Muadh fi ọ̀bẹ wú gbòǹgbò koríko náà, ó tutù nínú, bí òjò bá fi lè padà, á hù.

Láti ìgbà tí mo ti wọlé, ẹ ò sọ, ẹ ò sọ, ni mò ń wí. Ó ti rẹ̀ mí. Èmi ni. Ẹ tún lẹ́tà yìí kọ lónìí, kí n mú un dé iwájú ẹbí lọ́la. Ẹ yọ ibi tí ẹ ti ní ilẹ̀ bàjẹ́ kúrò, ẹ kọ ọ́ pé ilẹ̀ dára, pé Ṣítù, alápatà ní Mushin, ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣán koríko tó yẹ kó tọ́jú, torí kò gbọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ kọ "kò gbọ́n". Kí Níyì máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí ayé, kó ṣá má rí nǹkan fi bú ilẹ̀ bàbá wa. Mi ò kúrò lórí àga yìí o. Ẹ̀rọ yín nìyẹn, ẹ tàn án, kí ẹ sì máa kà á sókè bí ẹ bá ti ń tẹ̀ ẹ́.